Ojúde Ọba: Ilẹ̀ Tí A Kò Kọ́lé Sí

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ìjẹ̀bú-Òde)

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ó ní kí n mú ohun tó bá wù mí nínú iṣẹ́ mi. Ayàwòrán ilé ni mí. Ọdún 34 ni mo fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ ó máa rò pé ọ̀rọ̀ ilé ni n óò sọ. Rárá o. Ibi tí kò sí ilé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà yóò jìnnà díẹ̀ kó tó padà wálé, ṣùgbọ́n tó bá délé, ẹ ó rí i pé ó kan ilẹ̀ tó wà níwájú fèrèsé yìí gan-an.

Ọdún 1974 ni mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ṣẹ́. Ní ọjọ́ Àìkú kejì tí mo débẹ̀, ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Pọ̀rógun mú mi lọ wo Gbàgede Trafalgar. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀ mọ ohun tí mo ń wí. Òpó kan ṣoṣo ló dúró láàárín, gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 52. Ère Nelson, ọ̀gágun ojú omi wọn tó kú sí ogun Trafalgar ní ọdún 1805, ló wà lórí rẹ̀. Kìnnìún idẹ mẹ́rin jókòó yí ẹsẹ̀ òpó náà ká. Ilé ńlá tí wọ́n ń kó àwòrán ayé àtijọ́ sí wà lápá àríwá, ṣọ́ọ̀ṣì St Martin tí wọ́n parí ní 1726 sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnu yà mí, n kò ní parọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí sọ fún mi pé ilé ẹṣin ọba ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n kó ẹṣin kúrò, wọ́n wó ilé wọn, Charles Barry ya àwòrán gbàgede, wọ́n sì ṣí i fún aráàlú ní 1844. Òpó Nelson ti wà ní ìdúró ní 1843, ṣùgbọ́n àwọn kìnnìún yẹn kò dé àfi ìgbà tó di 1867. Ṣé ẹ rí i, gbàgede kì í tán lọ́jọ́ kan. Ìran kan á fi ilẹ̀ sílẹ̀, ìran kejì á ri òpó, ìran kẹta á gbé kìnnìún wá. Ohun tí ìran kankan kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kó kọ́lé dí i. Kódà nígbà tó di 2003, ọ̀nà mọ́tò tó wà lápá àríwá ni wọ́n tì pa, kí ẹlẹ́sẹ̀ lè ráyè rìn.

Nígbà tí mo padà sí iyàrá mi, mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ní ìparí, bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ayé, mo kọ ọ́ pé: “Bàbá, àwọn òyìnbó ní gbàgede, àwa kò ní.” Bàbá mi kò kàwé ju ìwé mẹ́fà lọ. Oṣù kan kọjá kí èsì wọn tó dé. Wọ́n ní: “Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ṣé o ti gbàgbé orúkọ ìlú tí a ti bí ọ ni?”

Kí ni orúkọ ìlú wa? Ìjẹ̀bú-Òde. Ìtàn kan wà tó ní Àjẹbù àti Olóde ni àwọn méjì tó tẹ ibí dó, pé orúkọ wọn la so pọ̀. N kò bá ìtàn náà jà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dún létí: òde. Òde Oǹdó, Òde Rẹ́mọ, Òde Ìrèlè. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe ìlú ní Òde, olú ìlú ni. Ibẹ̀ ni ọba wà, ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń jáde sí.

Ẹ tún wo orúkọ ọba wa àtijọ́ tí gbogbo wa ń fi yangàn, Ọbańta. Àwọn àgbà sọ fún wa pé nígbà tó ti Ilé-Ifẹ̀ dé, tó sì wọ ìlú, igbe tí àwọn ènìyàn ń ké ni pé ọba wà ní ìta. Igbe yẹn ló di orúkọ. Kò jókòó sínú ilé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n ní ọba. Ìta ni wọ́n ti rí i. Ẹ sì rìn nínú ìlú yìí kí ẹ ka orúkọ àdúgbò: Ìta-Ọsù, Ìta-Àlẹ̀, Ìta-Ńtẹ́bọ̀. Ìta, ìta, ìta. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá dé ojú òde tó ju gbogbo wọn lọ, tí ahọ́n wa ti so pọ̀ di ojúde: Ojúde Ọba, iwájú ààfin Awùjalẹ̀. Ohun tí bàbá mi ń wí nìyẹn. Mo ti ń gbé inú gbàgede láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò sì mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi ojú iṣẹ́ mi wo ibẹ̀ fún yín. Ìlú Yorùbá kì í ṣe ilé tó kàn wà káàkiri. Ààfin ni ìdí ìlú. Iwájú rẹ̀ ni ilẹ̀ gbalasa, ọjà sì sábà máa ń wà nítòsí. Àwọn ọ̀nà ńlá inú ìlú ń wá síbẹ̀ láti ẹnu ibodè. Bí ẹ bá wọ inú ààfin ayé àtijọ́, àgbàlá ń tẹ̀ lé àgbàlá, bí ẹ sì ṣe ń wọlé sí i ni àwọn tó láṣẹ láti dé ibẹ̀ ń dín kù. Àlejò dúró níhìn-ín, ìjòyè kọjá díẹ̀, ìránṣẹ́ ọba nìkan ló mọ ti inú lọ́hùn-ún. Ojúde nìkan ni kò ní ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni olówó àti tálákà, onílé àti àlejò, ti lè dúró lórí ilẹ̀ kan náà kí ojú wọn sì tó ọba. Ohun tí ibẹ̀ wà fún nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé wọn ò rí nǹkan kọ́ síbẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí Erédò tí a ń pè mọ́ orúkọ Bílíkísù Ṣùńgbọ́, tí ibojì tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì. Yàrà àti òkìtì yẹn yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi kìlómítà 160, ní ibòmíràn láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì sì tó mítà 20. Ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá ti lè fi ọkọ́ àti agbọ̀n ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe agbára ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ́lé síwájú ààfin. Wọ́n fi í sílẹ̀ ni. Fífi nǹkan sílẹ̀ yàtọ̀ sí àìrí nǹkan fi ṣe é. Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Kí ni èrè rẹ̀? Ìtàn ìlú yìí fún wa lésì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun àwọn baba wa ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ìlú tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò fún ọ̀pọ̀ ọdún wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Láàárín ọdún díẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ń dìde, mọ́ṣáláṣí ń dìde. Nínú agboolé kan ṣoṣo, ẹ óò rí ẹni tó ń kírun, ẹni tó ń kọ orin ìjọ, àti ẹni tó ṣì ń bọ òrìṣà baba rẹ̀. Ẹ ronú sí i: ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, tí ẹ̀sìn sì tún pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Níbo ni wọn yóò ti máa pàdé tí kò ní dìjà?

Balógun Kúkù wà nínú àwọn ìjòyè ńlá ìgbà náà. Òun ló kọ́ ilé Ọlọ́runṣògo ní ìlú yìí, ilé alágbára tó fi hàn pé ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú ti ba iṣẹ́ bíríkì àti símẹ́ńtì àwọn Àgùdà. Nígbà tí Balógun gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù, bí àwọn àgbà ti ń sọ ọ́, kò lè máa bá ọdún ìbílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọdẹ́dá lọ mọ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí àyẹ́sí ọba parẹ́. Ohun tó ṣe ni pé ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ àti àwọn Mùsùlùmí jọ, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, pẹ̀lú ẹṣin àti ìlù, wọ́n lọ kí Awùjalẹ̀, wọ́n lọ dúpẹ́ pé ó jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹ̀sìn wọn ní àlàáfíà. Níbo ni wọ́n lọ? Wọn kò pe ọba wá sí mọ́ṣáláṣí. Ọba kò pè wọ́n wọ inú ilé òrìṣà. Ojúde ni wọ́n ti pàdé, nítorí ojúde kì í ṣe ti ẹ̀sìn kankan. Àwọn onígbàgbọ́ náà tẹ̀ lé wọn níkẹyìn, àwọn ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò sì jókòó sílé. Lónìí, ẹ wo ẹni tó bá wọ aṣọ ẹgbẹ́ ní Ojúde Ọba kí ẹ sọ fún mi ẹ̀sìn tó ń ṣe. Ẹ kò lè sọ.

Ohun tí ilẹ̀ gbalasa ṣe fún ìlú yìí nìyẹn, ẹ̀yin ará mi. Ká ní àwọn baba wa ti ta á ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì ni, ibo ni Balógun ì bá gbé ẹṣin rẹ̀ lọ?

Ní Róòmù, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́, ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Bernini to òpó òkúta 284 yí gbàgede ká, láàárín ọdún 1656 sí 1667. Ó ní kí ó dà bí apá ìyá tó ń gbá ọmọ mọ́ra. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ ní tiwa, ènìyàn ni òpó. Ẹ rántí bí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ti máa ń tò wọlé: àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, nínú aṣọ kan náà, gèlè lójú kan, fìlà lójú kan, ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, àwọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn ìdílé Balógun á wá dé lórí ẹṣin, ìbọn á dún, eruku á sọ. Gbogbo ògiri àti òpó àti ọ̀ṣọ́ gbàgede wa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé láàárọ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́. Ní 2020 tí àrùn Kòrónà gbòde, tí a kò lè ṣe Ojúde Ọba, ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ náà mọ ohun tí mo ń wí. Ilẹ̀ náà wà, ìbùjókòó onírúlé wà, ààfin wà, síbẹ̀ bí ilé tí a wó ló rí.

Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Ọ̀gbágbà Kejì, jẹ́ Awùjalẹ̀ láti ọdún 1960 títí tí wọ́n fi wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025. Ìgbà tiwọn ni Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tún fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí Ojúde Ọba fi di ohun tí aráyé ń wọkọ̀ òfuurufú wá wò. Ọdún 65 lórí ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ọba mìíràn. Ohun tí ọba bá tọ́jú sílẹ̀, àwa ọmọ ìlú ló kù tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Nítorí gbàgede lè bàjẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó, ẹ mọ Ìta Tinúbú. Orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú ni, obìnrin oníṣòwò tí wọ́n lé kúrò ní Èkó ní 1856, tó sì di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864. Nígbà òmìnira ní 1960, àwọn ará Lébánónì tó ń gbé Nàìjíríà fi omi ìsun tó wà láàárín rẹ̀ ta wá lọ́rẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìta yìí ni ilé kan wà tí ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ní 1933 ọmọ Yorùbá kan ra ilé náà, ó di Ilọ́jọ̀ Bar. Fèrèsé olórí róbótó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ìta, ọ̀ṣọ́ símẹ́ńtì tí ọwọ́ fi ṣe lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń kó àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lọ síbẹ̀ láti lọ wò ó. Ìjọba ti kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti 1956. Ìkéde yẹn kò gbà á sílẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 ni wọ́n wó o palẹ̀. Ìta náà ṣì wà, omi ìsun ṣì wà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ yọ ló rí lójú mi títí dòní.

Ẹ má wò mí bí ẹni mímọ́ o. Bí mo bá fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tó ba ìta jẹ́, orúkọ mi yóò wà nínú ìwé náà. Ìdílé tiwa náà ní ìta kékeré níwájú agboolé. Igi odán kan wà níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń parí ìjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ èmi gan-an lórúkọ, ibẹ̀ la ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí ìyá àgbà kan fi máa ń fi omi lé wa. Ní 1988 ìdílé pinnu láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù 12 síbẹ̀, kí owó lè máa wọlé. Ta ni wọ́n ní kó ya àwòrán rẹ̀? Ọmọ wọn tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Mo yà á. N kò gba kọ́bọ̀, inú mi sì dùn pé mo ṣe ìdílé lóore. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Bóyá wọn ì bá tún kọ lẹ́tà sí mi.

Ní 2003 tí ìyá mi papò dà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wá síbi ìsìnkú mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò síbi tí a fẹ́ pàgọ́ sí. Títì la dí. Mọ́tò ń fọn fèrè, wọ́n ń ṣépè fún wa, a gbé àga àwọn àgbàlagbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá mi tí wọ́n fẹ́ jó fún ọ̀rẹ́ wọn nígbà ìkẹyìn, láàárín mọ́tò ni wọ́n ti jó. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo àwọn ṣọ́ọ̀bù 12 tí mo fi ọwọ́ ara mi yà. Owó ilé tó ń wọlé látinú wọn kò lè ra ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn padà fún mi.

Ó ti tó ọ̀nà tí a óò fi padà wálé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú fèrèsé. Pápá tí ẹ ń wò yẹn, ibẹ̀ la ti ń tò ní kíláàsì kíláàsì láràárọ̀. Ibẹ̀ ni agogo ti ń bá wa. Ibẹ̀ ni olùkọ́ wa kan, tí wọ́n wà níjòókòó níwájú mi báyìí, ti mú mi jáde nítorí pé bàtà mi dọ̀tí, tí ojú tì mí débi pé n kò tún wọ bàtà dídọ̀tí mọ́ láyé mi. Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹgbẹ́ wa ti dáwó láti kọ́ gbọ̀ngàn fún ilé-ìwé, ohun rere ni, mo sì ti san tèmi. Ṣùgbọ́n mo rí àwòrán tó wà nílẹ̀. Àárín pápá yẹn gan-an ni wọ́n gbé gbọ̀ngàn náà sí, nítorí pé ó tẹ́jú, kò ní gbówó lórí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ àtijọ́. Ó gẹ̀rẹ́ díẹ̀, òótọ́ ni. Ìpìlẹ̀ yóò gba símẹ́ńtì ju ti pápá lọ. N óò tún àwòrán náà yà láìgba kọ́bọ̀, n óò sì máa wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí èyí jẹ́ gbèsè tí mo san fún ìta bàbá mi.

Ẹ̀bẹ̀ kejì kò ní ná wa lówó púpọ̀. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wa, tó bá délé, ya fọ́tò ilé àtijọ́ tó wà ní àdúgbò rẹ̀, kó kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ àti ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, kó bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Bí ìta bá wà níwájú ilé náà, kó wọn gígùn àti ìbú rẹ̀. Kí ẹ kó o fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wó o yóò kọ́kọ́ ronú lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn baba wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ láìkọ́lé sí i, ilẹ̀ náà sì so gbogbo wa pọ̀ lẹ́yìn ogun àti lẹ́yìn ẹ̀sìn. Kí àwọn ọmọ tí yóò wọ ilé-ìwé yìí lọ́dún tó ń bọ̀ náà ní ibi tí wọ́n ó ti tò láàárọ̀.